Oyin inú àpáta: ṣé òwe yìí bá Hattie McDaniel mu?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: àwọn kan ń jiyàn lórí Hattie McDaniel, òṣèrébìnrin Hollywood àtijọ́ tó máa ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú sinimá, ni ẹnìkan bá pa á lówe pé, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀ bóyá òwe náà ń sọ pé kéèyàn ta iyì rẹ̀ nítorí owó.

Rárá o. Oyin tó bá wà nínú àpáta kò ṣeé fọwọ́ lásán yọ, àáké la ó fi la òkúta náà. Bẹ́ẹ̀, igi ni wọ́n rọ àáké fún. Bó bá kan òkúta, ẹnu rẹ̀ á kú, ó tilẹ̀ lè ya. Àwọn àgbà kò sọ pé àáké náà kò ní bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó mọ ohun tó ń wá ti mọ̀ pé yóò bàjẹ́, kò sì torí ẹ̀ padà sílé. Ìyá tó ta aṣọ òkè rẹ̀ láti san owó ilé-ìwé ọmọ la máa ń pa á fún. N kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n pa á fún olè.

Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni wọ́n ti bí Hattie, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 13. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà kan rí. Ìlú Denver ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, tó ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré kiri. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin ló ń tọ́jú ní ilé fàájì kan ní Milwaukee, kí wọ́n tó gbà á láyè láti kọrin níbẹ̀. Ó dé Los Angeles ní 1931. Bí kò bá sí iṣẹ́ sinimá, á lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, á lọ fọṣọ fún olówó. Bí iṣẹ́ sinimá bá sì dé, ọmọ ọ̀dọ̀ náà ni wọ́n á ní kó ṣe. Àpáta tó bá pàdé nìyẹn.

Ní December 1939, wọ́n kọ́kọ́ ṣàfihàn Gone with the Wind, sinimá kan lórí oko ẹrú tí Hattie ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ní Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia. Hattie kò lè lọ, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun ní Georgia. Ní February 29, 1940, sinimá yìí kan náà ló fi gba Oscar, àmì ẹ̀yẹ sinimá tó ga jù ní Hollywood, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba á. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ náà, tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ògiri ni wọ́n fi í jókòó sí, ó jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré.

Walter White, olórí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, bínú sí irú ipa tó ń kó. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fi sí Hattie lẹ́nu ni pé ó sàn kóun ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú sinimá fún 700 dọ́là lọ́sẹ̀ ju kóun jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ gidi fún dọ́là 7.

Ibi tí òwe náà ti le gan-an rèé: àáké ta ni? Nínú òwe, ẹni tó fẹ́ jẹ oyin ló ni àáké. Lójú White, iyì gbogbo aláwọ̀ dúdú ni Hattie ń fi la òkúta, n kò sì lè sọ pé irọ́ ló pa, torí Gone with the Wind mú kí oko ẹrú dà bí ibi ìgbádùn. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló jẹ oyin náà. Owó sinimá ló fi ra ilé ní àdúgbò Sugar Hill ní Los Angeles. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun kan pẹjọ́ pé kí wọ́n lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò níbẹ̀, ó kó àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ, wọ́n gbèjà ara wọn, wọ́n sì jàre ní kóòtù ní 1945. Gbogbo wọn ló dúró sílé wọn.

Ó kú ní 1952. Ó ti sọ pé ibi ìsìnkú kan ní Hollywood ni kí wọ́n sin òun sí, ṣùgbọ́n wọn kì í sin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ nígbà náà. Ibòmíràn ni wọ́n sin ín sí. Ó di 1999 kí wọ́n tó gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún un ní ibi ìsìnkú Hollywood náà. Ẹni tó bá fẹ́ pa òwe yìí fún Hattie, kó ka ìyẹn náà mọ́ ohun tó ná an.