Orísẹ̀ẹ́kú pa ìkìlọ̀ mọ́: kí ló dé tó fi gbé orí burúkú?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, bí àwọn àgbà bá ní "a kúnlẹ̀ a yàn ẹ̀dá, a dáyé tán ojú ń kán wa," ṣé wọ́n ń sọ pé ká káwọ́ gbera, ká máa bẹ̀rù àyànmọ́ ni? Rárá o. Ẹ wo ìtàn yíyan orí tó wà nínú Ogbègúndá, ọ̀kan nínú àwọn odù Ifá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń bọ̀ wáyé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀dọ̀ Àjàlá, amọ̀kòkò tí í mọ orí, ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan orí. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà síbì kankan, ìbáà ṣe ilé baba wọn. Ìkìlọ̀ yìí gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí. Àwọn méjì pa á mọ́, wọ́n sì kọjá lọ. Afùwàpẹ́ ní òun ò lè ṣàì fojú kan baba òun. Ó yà, wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, wọ́n sì bù nínú rẹ̀ fún un mú dání.

Àwọn tó ṣáájú kò bá Àjàlá, wọn ò sì lè dúró. Orí tí Orísẹ̀ẹ́kú gbé, amọ̀ tútù ni, wọn ò tíì sun ún. Ti Orílèémèrè ti fọ́ tẹ́lẹ̀, kò fura. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí ń yọ́ dànù. Wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, wọn ò jèrè.

Afùwàpẹ́ bá oníbodè Àjàlá níbi tó ti ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i. Oníbodè tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn, ó sì tú àṣírí: gbèsè ló lé Àjàlá sá gun òkè àjà. Afùwàpẹ́ san ẹgbàafà owó ẹyọ, ìyẹn 12,000, fún olówó. Àjàlá bọ́ sílẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń sọ ọ́ lu orí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fọ́, títí ó fi kan èyí tó dún gbọingbọin. Òjò pa Afùwàpẹ́ náà, kò ran orí yẹn.

Nígbà tí àwọn méjì ń sunkún pé àwọn ò mọ ibi tí ẹni tó ní orí rere gbé yan orí, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé ibìkan náà ni wọ́n ti yàn án, kàdárà ò papọ̀ ni. Ibi tó ti dunni nìyí: àtimá ṣìnà ni Orísẹ̀ẹ́kú ń wá, ìsáré yẹn náà ló sì fi gbé amọ̀ tútù. Lójú lásán, orí tó jinná àti èyí tí kò jinná ò yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi irú àyànmọ́ yìí kọ ìtàn kúkúrú, kó tètè jẹ́ ká rí iyọ̀, kó má sọ ohun tó wà fún. Kó jẹ́ ká mọ̀ pé amọ̀ ò tíì jinná kí òjò tó ṣú, nígbà tí ẹni tó rù ú kò mọ̀. Bí òjò bá kàn já lu èèyàn láìnídìí, jàǹbá nìyẹn, kì í ṣe àyànmọ́. Àwọn mìíràn a sì máa sọ Orísẹ̀ẹ́kú di òmùgọ̀. Kò gọ̀, ó gbọ́ràn ni. Ohun tó sì ń ba òǹkàwé lẹ́rù nìyẹn, torí òun náà kì bá tí yà.