Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Omi tó ń Jáde Lẹ́nu Airbrush

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń to àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú oníke pọ̀ nílé wa ní Súrúlérè, búrọ́ọ̀ṣì lásán ni mo sì fi ń kùn wọ́n tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo ra airbrush (ohun èlò àfọwọ́mú tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà) tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.3 mm, pẹ̀lú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rọ́ afẹ́fẹ́, tó ní táǹkì lítà 3. Ọ̀dà máa ń jáde dáadáa níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣe díẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pẹ̀lú rẹ̀, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Bí iná bá tún lọ tó sì dé padà, ńṣe ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á kàn máa kùn yùn-ùn láìgbéra. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? (Òǹkàwé kan, Súrúlérè)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ rà má ní àbùkù kankan. Èkó tí ẹ ti ń lò ó ni ọ̀rọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ ìlú tí òkun àti ọ̀sà yí ká kún fún ọ̀rinrin, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kì í sì í ya omi sọ́tọ̀ kí ó tó fa afẹ́fẹ́ wọlé. Irú tiyín sábà máa ń ṣiṣẹ́ títí agbára afẹ́fẹ́ inú táǹkì yóò fi tó nǹkan bíi bar 4, ìyẹn ni pé, pẹ̀lú èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ì bá kún táǹkì márùn-ún ló ti wà nínú ẹyọ kan, tòun ti omi inú rẹ̀. Bí ó ti ń ti ẹ̀rọ jáde ni ó gbóná, ooru yẹn ni kò sì jẹ́ kí omi fara hàn. Ìgbà tí ó bá tutù ni omi á di ẹ̀kán. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ kò tíì gbóná, táǹkì ni afẹ́fẹ́ ti ń tutù, omi á sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti wá gbóná, afẹ́fẹ́ á kọjá táǹkì, á kọjá ife kékeré tó ń gba omi lábẹ́ régúlétọ̀ (ohun tí a fi ń ṣètò agbára afẹ́fẹ́ tó ń jáde), inú ọ́ọ̀sì ni yóò ti wá tutù, ọwọ́ yín ni omi yóò sì gbà jáde. Ife yẹn kò lè mú omi tí kò tíì di ẹ̀kán, bó ti wù kí ó dára tó.

Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ fún afẹ́fẹ́ láyè láti tutù kí ó tó dé ibi ife. Ẹ gbé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sílẹ̀, ẹ ra ọ́ọ̀sì bíi mítà 3 tí yóò so ó mọ́ régúlétọ̀ tó ní ife tirẹ̀, kí ẹ sì kan èyí mọ́ ògiri lókè tábìlì, kí ife náà dúró ṣánṣán. Ibi tí ọ́ọ̀sì ti wọ ara wọn ni kí ẹ fi tépù funfun àwọn púlọ́ńbà wé, kí ẹ sì fi ìfófòó ọṣẹ pa á. Bí ó bá ń hó, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní sinmi. Bí ẹ bá ní yàrá tó ní éèsì, inú rẹ̀ ni kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti máa fa afẹ́fẹ́, torí éèsì ti gbẹ omi kúrò níbẹ̀. Ní ìparí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì kù nínú táǹkì, ẹ fi àkísà funfun sí ìdí rẹ̀, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí omi tó tú jáde bá pọ́n bí epo, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ nínú táǹkì nìyẹn.

Fún ọ̀dà tí a ń fi omi pò, agbára tí ó wà láàárín 15 sí 20 psi tó. Ẹ tẹ bọ́tìnnì airbrush kí afẹ́fẹ́ máa jáde nígbà tí ẹ bá ń ṣètò rẹ̀, nítorí ohun tí géèjì ń kà nígbà tí afẹ́fẹ́ dúró máa ń ga ju bó ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Ní ti iná, ẹ tẹ́tí sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nígbà tó bá kún tó sì fúnra rẹ̀ pa: ẹ ó gbọ́ ìró “ṣùù” kúkúrú. Afẹ́fẹ́ tó há sórí písítìn ni ó ń tú sílẹ̀, kí mọ́tọ̀ má baà ru ẹrù nígbà tó bá tún fẹ́ gbéra. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, kò sí “ṣùù”, afẹ́fẹ́ náà ṣì há síbẹ̀. Bí iná bá wá dé, tí kò sì lágbára gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n, mọ́tọ̀ kò ní lè tì í. Ẹ má ṣe jẹ́ kó máa kùn bẹ́ẹ̀, torí wáyà inú rẹ̀ lè jóná. Gbàrà tí iná bá ti lọ ni kí ẹ pa bọ́tìnnì ara rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, pípa náà ni yóò tú afẹ́fẹ́ ọ̀hún sílẹ̀.

Ìbéèrè: Fókánáísà kan wà lójúde wa. Ṣé mo lè máa lo afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí n sì máa fi tínà àwọn tó ń kun mọ́tò po ọ̀dà? (Òǹkàwé kan, Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ gbàgbé tínà yẹn. Ó ń yọ́ ike, ó sì ń wú rọ́bà kéékèèké inú airbrush. Tínà tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀dà tí ẹ ń lò ni kí ẹ rà. Ní ti afẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fókánáísà ni ó ń lo ọ́ìlì, ọ́ìlì díẹ̀ a sì máa bá afẹ́fẹ́ jáde, ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ́ìlì bá kán sí. Bí ẹ bá ra táǹkì tí wọ́n dìídì ṣe fún gbígbé afẹ́fẹ́, tó ní fáàfù ààbò, ẹ lè rọ ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé e wálé, kí ẹ fi régúlétọ̀ àti asẹ́ ọ́ìlì sí i, ẹ ó sì ṣiṣẹ́ lóru láìsí ariwo kankan. Ẹ má ṣe rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà gáàsì ìdáná.