"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run": ṣé òwe yìí ní kí abẹ má kan ọrùn?

Ẹni tó béèrè ní màmá òun tó ń gbé ní Ọjẹ́ kọ̀ láti yọ gẹ̀gẹ̀, wọ́n ní òwe àwọn àgbà ti kọ̀ ọ́, ó sì fi òwe onígẹ̀gẹ̀ kún un. Ó wá bi wá pé, "Se eewo ni ki abe kan orun?"

Ẹ kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí i ná. Ọrùn ni, ọ̀run ni, àbí ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti fẹ́ẹ̀ pa èdè yìí tán. Mo mọ ibi tí màmá yín ti gbọ́ ọ o. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan sọ ọ́ lórí rédíò létí èmi náà, pé òwe yìí ni wọ́n fi ka abẹ léèwọ̀ fún ọrùn. Irọ́ gbuu! Àwọn tó kù ní ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà oúnjẹ ni. Ìyẹn tọ̀nà, àmọ́ kò dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ilé àyàn ní Bẹẹrẹ ni wọ́n bí mi sí, kí n tó di nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ pe òwe náà sókè. Ọ̀nà ọ̀fun: dò dò dò re. Ọ̀nà ọ̀run: dò dò dò re. Ohùn kan náà! Bàbá mi a gbé gángan kọ́ èjìká, wọ́n á lù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, "Àyànkẹ́, èwo ni mo lù, ọ̀fun àbí ọ̀run?" Èyí tí mo bá mú, wọ́n á ní èkejì ni. Ọjọ́ tí mo bú sẹ́kún ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé àwọn fúnra wọn ò lè yà á, etí ẹni tó ń gbọ́ ló ń yà á. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, n ò sì ní yẹ̀ níbẹ̀: àwọn àgbà rí i pé nǹkan méjì jọra níbẹ̀ débi pé ìlù ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá la ojú. Wọn ò ní kó má gba ibẹ̀.

Nǹkan tó jọra sì wà lọ́rùn lóòótọ́. Lẹ́yìn tairọ́ìdì, èyí tó ń wú di gẹ̀gẹ̀, àwọn kókó wínníwínní kan wà, mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, bí hóró ìrẹsì. Paratairọ́ìdì lorúkọ wọn. Sandström, ará Sweden, ló ṣàpèjúwe wọn lára ènìyàn ní 1880. Àwọn ló ń ṣàkóso kálísíọ́mù, èròjà tí egungun àti iṣan ń lò, nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gé wọn dànù mọ́ gẹ̀gẹ̀, á máa ṣe aláìsàn bí ẹni pé eèrà ń rìn létè àti lọ́mọ ìka rẹ̀, iṣan rẹ̀ á máa fà. Wọ́n sì jọ ọ̀rá! Mo ti fi aṣọ nu òógùn lójú ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ tó dúró tó ń wò ó pé èwo ni ọ̀rá, èwo ni kókó.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí èèyàn bá tan irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú lásán ò lè rí sí i, kókó yìí fúnra rẹ̀ á tàn ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ. Kámẹ́rà ló ń rí i. Ní 2018, àjọ FDA tiwọn, tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn wò, fọwọ́ sí ẹ̀rọ méjì fún un. Ó wúlò gan-an níbi tí wọ́n ti ń gba inú ètè ìsàlẹ̀ wọlé yọ gẹ̀gẹ̀ kí àpá má bàa wà lọ́rùn, torí ọwọ́ ò lè débẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ kókó tó ti kú náà ṣì ń tàn, ẹ má gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa oògùn aláwọ̀ ewé, indocyanine green, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀.

Kí màmá yín má dúró de ẹ̀rọ o. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ti ń yọ gẹ̀gẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ ṣáà bi dókítà bó ṣe ń dá àwọn kókó náà mọ̀, kí wọ́n sì yẹ kálísíọ́mù wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

"Onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú ló ba ti ìkẹyìn jẹ́" tẹ́ ẹ fi kún un, ọ̀rọ̀ ìwà ni, kò kan àìsàn. Bí màmá bá tún pa òwe ọ̀nà ọ̀fun, ẹ bá mi wá onígángan kan, kó lù ú létí wọn, kí ẹ ní kí wọ́n mú èyí tó jẹ́ ọ̀run níbẹ̀.