Kápúsù ẹ́ńsáìmù fún ẹni tó ń gba immunotherapy

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ ní ẹnì kan ń ta kápúsù ẹ́ńsáìmù tí wọ́n fi ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀yìnbó ṣe fún yín, pé yóò jẹ́ kí immunotherapy (oògùn tó ń ran agbèjà ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà) tí màmá ń gbà fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró túbọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Mo tọ́jú ọkọ mi nínú àìsàn yìí kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, immunotherapy kan tó ń jẹ́ atezolizumab ni wọ́n fún un.

Ẹ́ńsáìmù wà nínú ọ̀rọ̀ immunotherapy lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, inú iṣan ni wọ́n ń fa oògùn náà sí, ìṣẹ́jú 30 sí 60, láìka ìyà wíwá iṣan lápá tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle. Ní oṣù Kẹjọ 2023, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílùú Ọba fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ itan, wọ́n sì gbé e bọ́ sórí ìyẹn. Nọ́ọ̀sì á jókòó tì í, á fún awọ itan rẹ̀ sókè, á wá máa ti oògùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 7. Mílílítà 15 ni. Ẹ́ńsáìmù hyaluronidase tí wọ́n pò mọ́ ọn ló jẹ́ kí gbogbo omi yẹn ráyè. Ohun kan wà lábẹ́ awọ, hyaluronan, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ́ńsáìmù yìí á já a fúngbà díẹ̀ kí oògùn lè tàn ká. Kò fi kún agbára oògùn rárá. Àkókò tá à ń lò ní ọsíbítù ló dín kù, ọpẹ́ ńlá sì nìyẹn fẹ́ni tó ti rẹ̀.

Wọ́n ti gbìyànjú èyí tó máa fi kún agbára. Hyaluronan máa ń pọ̀ nínú jẹjẹrẹ pancreas (ẹ̀yà ara tó ń tú ẹ́ńsáìmù tó ń da oúnjẹ síta), á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ débi pé oògùn ò ní ráyè wọlé dáadáa. Wọ́n wá ṣe ẹ́ńsáìmù kan, PEGPH20, láti já a. Ìrètí pọ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ nígbà tí èsì ìwádìí HALO-301 dé ní 2019, níbi tí wọ́n ti lò ó pẹ̀lú kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ), àwọn tó gbà á kò pẹ́ láyé ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin gbé òmíràn wá: àwọn jẹjẹrẹ kan máa ń tú kynurenine síta, tó ń sọ sẹ́ẹ̀lì agbèjà ara di aláìlágbára, ẹ́ńsáìmù tiwọn ń pa kynurenine náà run. Eku tí wọ́n fún pẹ̀lú immunotherapy pẹ́ láyé sí i. Eku ni o. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń gbé mì. Prótéìnì ni ẹ́ńsáìmù, inú á dà á kó tó débi tí jẹjẹrẹ wà.

Ohun tó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọkọ mi lóru ọjọ́ kan. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì tí ọsíbítù fún wa, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè ni, "Ṣé wọ́n mu àgbo tàbí oògùn mìíràn?" Mo ní rárá. Ó ní ká máa bọ̀ kíá. Immunotherapy ló ti mú kí ara máa bá ìfun ara rẹ̀ jà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ steroid, oògùn tó ń mú ìjà ara yẹn rọlẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. Kápúsù ìbẹ́pẹ náà lè fa ìgbẹ́. Ká ní ọkọ mi ń lò ó ni, òun là bá dá lẹ́bi, à bá sì máa dúró kó lọ, bẹ́ẹ̀ ìfun tó bá wú báyẹn lè lu. Bí màmá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ti ọ̀pẹ̀yìnbó yẹn tún lè fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ sísun. Ìbẹ́pẹ fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ bó bá wù wọ́n.

Ọ̀tọ̀ ni kápúsù ẹ́ńsáìmù tí dókítà máa ń kọ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ pancreas, tí wọ́n ń lò pẹ̀lú oúnjẹ kó lè dà. Ìyẹn wúlò gan-an. (Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i, kí Mùsùlùmí bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó dá a dúró.)

Oògùn wo ni wọ́n ń fún màmá gan-an? Bó bá jẹ́ nivolumab tàbí pembrolizumab, àwọn náà ti ní èyí tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ: Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti nivolumab ní oṣù Kejìlá 2024, ti pembrolizumab ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Ẹ bi ọsíbítù yín bóyá ó ti dọ́dọ̀ wọn, pàápàá bí iṣan màmá bá ṣòroó rí.