Òṣìṣẹ́ inú bàálù pariwo mọ́ mi: ìwọ̀sí ni àbí òfin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo wọ bàálù láìpẹ́ yìí. Bí a ṣe gbéra tí ọkọ̀ ń gòkè lọ́wọ́ ni òùngbẹ gbẹ mí, mo bá tẹ bọ́tìnì láti béèrè omi. Kò sẹ́ni tó dìde. Mo tún un tẹ̀, ni obìnrin kan bá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo nọ́ńbà ìjókòó mi pé kí n yéé tẹ bọ́tìnì. Gbogbo èrò yíjú sí mi. Kó tó dìgbà náà, ọ̀kan nínú wọn ti kọ̀ láti bá mi gbé báàgì mi sókè. Arákùnrin tó jókòó tì mí ò tiẹ̀ tẹ bọ́tìnì kankan ní tiẹ̀, ṣe ló ń fọwọ́ gbá wọn lápá bí wọ́n bá ti ń kọjá, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Ṣé bí iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn? Kí ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí gan-an, ibo ni mo sì lè gbé ẹjọ́ mi lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbọ̀, ẹ sì kú ìfaradà. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ni mò ń kọ́ níṣẹ́, nítorí náà màá sọ ojú abẹ níkòó. Wọn ò jẹ̀bi pé wọn ò dìde. Wọ́n jẹ̀bi ariwo tí wọ́n pa mọ́ yín. Ti báàgì, àwọn ló jàre. Ti arákùnrin yẹn, ó yẹ kí ẹnì kan ti kìlọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú ti bọ́tìnì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí bàálù bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ àfi tí ọ̀ràn àbò bá délẹ̀. Àsìkò méjèèjì yẹn ni ìjàǹbá wọ́pọ̀ jù. Tí ẹ bá tún wọ bàálù, tí ìjókòó yín sì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ wo òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ó ti de bẹ́líìtì tó gba èjìká méjèèjì kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ojú rẹ̀ sì le díẹ̀. Èrò púpọ̀ ló máa ń rò pé ìgbéraga ni. Rárá o. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè nínú ni: ilẹ̀kùn wo ló jẹ́ tèmi? Báwo ni mo ṣe máa ṣí i? Bí iná bá ń jó lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Ta ló lágbára nínú àwọn tó jókòó síwájú mi yìí tí mo lè ké pè? A máa ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ yìí títí á fi mọ́ wọn lára. Àwọn awakọ̀ náà kì í bára wọn sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá kan iṣẹ́ títí ọkọ̀ á fi kọjá 10,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè.

Omi yín kò lè ṣáájú ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí àyà bá ń dùn yín, tí ẹ ò rí èémí mí, tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn èéfín, ẹ tẹ bọ́tìnì náà, kí ẹ sì fi ohùn ké pẹ̀lú. Ìyẹn ò ní àsìkò.

Ibi tí ẹ ti jàre ni ti ohùn. Kò síbi tí a ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ láti dárúkọ ìjókòó èrò kan lórí ẹ̀rọ kí ojú lè tì í. Ohun tó yẹ kó sọ, gbogbo ọkọ̀ ni ì bá sọ ọ́ fún: “Ẹ jọ̀ọ́, a ti rí i pé ẹ ń pè wá. Kò tíì sí àyè láti dìde báyìí; bó bá ti ṣeé ṣe, a máa dé ọ̀dọ̀ yín.” Ó tán. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Bí mo ṣe ń díwọ̀n òṣìṣẹ́ nìyí, ẹ̀yin náà sì lè lò ó: ẹ má fi bó ṣe sọ pé “rárá” dá a lẹ́jọ́. Ẹ wò ó bóyá ó sọ ìdí tí kò fi ṣeé ṣe, àti bóyá ó sọ ohun míì tó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá sọ méjèèjì mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá fi “rárá” lásán sílẹ̀ ń fi òfin bo ìwà ni.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí òfin fi fi àwọn èèyàn wọ̀nyí sínú ọkọ̀ ná. Ní 1930, Ellen Church, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì ni. Ìtọ́jú èèyàn ló bá wọ iṣẹ́ náà, gbígbé abọ́ ló tẹ̀lé e. Lónìí, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní kí òṣìṣẹ́ kan ó kéré tán wà fún ìjókòó 50. Kì í ṣe iye ife tíì tí èèyàn kan lè pín ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ o, bí èrò ṣe máa tètè jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Kí bàálù tuntun tó gba àṣẹ, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo èrò lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, kí ìdajì àwọn ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 2024, bàálù Japan Airlines kan kọlu ọkọ̀ òfurufú àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun bó ṣe ń balẹ̀ ní pápákọ̀ Haneda ní Tokyo. Ó gbiná. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ wá ń fi gbohùngbohùn ọwọ́ àti ohùn ara wọn darí èrò. Ẹni márùn-ún nínú ọkọ̀ kejì kú, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn 379 tó wà nínú bàálù ńlá náà ló jáde láàyè kí iná tó jó o tán. Èrò ò dúró yọ báàgì lókè. Ìgbọràn yẹn ṣe pàtàkì tó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Ó dára, báàgì. Iṣẹ́ yìí ń ba ẹ̀yìn àti èjìká jẹ́ gan-an, ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ fi ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe dá gbé ẹrù èrò sókè. Ẹ ro iye báàgì tó ń wọ ọkọ̀ kan, ẹ wá ro iye ọkọ̀ tí èèyàn kan ń wọ̀ lóṣù. Nǹkan míì tún wà tí èrò kì í mọ̀: ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀, owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà àfi ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ sì fẹ́ máa lọ. Ẹni tó ń kí yín “ẹ káàbọ̀” lẹ́nu ọ̀nà lè máà tíì máa gbowó rárá. Ní 2022 ni ilé-iṣẹ́ bàálù Delta ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àsìkò tí èrò ń wọlé, ìdajì owó wákàtí ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè káàánú ẹnikẹ́ni. Báàgì tí ẹ ò bá lè fi ọwọ́ ara yín gbé dé òkè orí, inú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló yẹ kó lọ. Tí ẹ bá dàgbà, tí ẹ lóyún, tàbí tí ara yín ò le, ọ̀ràn yẹn yàtọ̀: ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Yúróòpù, tí ẹ bá ti sọ ọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú, ìrànlọ́wọ́ di dandan fún wọn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. (Bátìrì àfipamọ́ tí ẹ fi ń ṣáájì fóònù kò gbọ́dọ̀ bá báàgì yẹn lọ sísàlẹ̀ o. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Bó bá gbiná lókè níbi tí èrò jókòó sí, òṣìṣẹ́ á rí i pa; bó bá gbiná nísàlẹ̀, ọwọ́ ò tó o.)

Ní ti gbígbá wọn lápá, kò dára. Pé wọ́n dá a lóhùn kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Wọ́n ń sá fún wàhálà ni. Ẹni tó ń gbá wọn lápá lónìí, ẹlòmíì á gbá wọn nídìí lọ́la, mo sì ti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ́tìnì ni kí ẹ máa tẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́” pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ nà sókè díẹ̀ náà tó.

Kí wá ni ẹ̀tọ́ yín? Ohun méjì ni èrò máa ń pa pọ̀: ohun tí òfin fún un àti ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí. Ẹ̀rín, ìrọ̀rí, oúnjẹ aládùn, ìlérí ni wọ́n. Ẹ lè bínú lórí wọn, ẹ lè má padà lọ síbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ò ní bá yín gbà á. Ti òfin yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, tí ọkọ̀ bá ti èrò mọ́nú lórí ilẹ̀ láìgbéra, oúnjẹ àti omi gbọ́dọ̀ ti dé kí wákàtí 2 tó kọjá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún èrò láyè láti sọ̀ kalẹ̀ kó tó kọjá wákàtí 3, tàbí 4 tó bá jẹ́ ìrìn àjò sí ilẹ̀ òkèèrè. Ní Yúróòpù, tí ìdádúró bá ti pé wákàtí 2 sí 4, bí ọ̀nà bá ṣe jìn sí, oúnjẹ àti ohun mímu di ọ̀fẹ́.

Bí nǹkan bá sì ṣe yín léṣe nínú ọkọ̀, Àdéhùn Montreal ti 1999, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lórí ohun tí ilé-iṣẹ́ bàálù jẹ èrò, wà fún un. Ọmọdébìnrin kan ń lọ sí Vienna pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Kọfí gbígbóná tó wà níwájú bàbá náà dà sí ọmọ lára, ó bó o. Ilé-iṣẹ́ náà ní kì í ṣe ọ̀ràn bàálù, pé kọfí lè dà níbikíbi. Ní oṣù Kejìlá 2019, ilé-ẹjọ́ gíga Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ àdéhùn náà, ì báà jẹ́ pé fífò ọkọ̀ kọ́ ló fà á. Nítorí nǹkan báyìí ni òṣìṣẹ́ fi máa ń na tíréè sí yín pé kí ẹ gbé ife yín lé e. Á fà á padà sí àárín ọ̀nà, á bu tíì sí i níbẹ̀, kó tó nà án padà. Èrò tó bá na ife lọ́wọ́ pé “ẹ bu ú síbí” rò pé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ó lo tíréè rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ tiwọn náà wà. Òṣìṣẹ́ lè kọ̀ láti fún yín ní ọtí sí i, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ dà bí ti orí òkè tó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ọtí tí kò ṣe yín ní nǹkan nílẹ̀ lè yí yín lórí níbẹ̀. Àdéhùn Tokyo ti 1963 fún ọ̀gá awakọ̀ ní àṣẹ láti de èrò tó ń dàlúrú, láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àti láti fà á lé agbófinró lọ́wọ́. Kódà, láti 2020 ni àtúnṣe kan ti jẹ́ kí orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ balẹ̀ sí, láàárín àwọn tó fọwọ́ sí i, lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ẹ̀sùn èrò aláìgbọràn tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní 2021 jẹ́ 5,973, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ lórí ìbòmú àsìkò kòrónà. Lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀, kò yà mí lẹ́nu pé ohùn òṣìṣẹ́ míì ti le kí èrò tó sọ ohunkóhun. Ìyẹn kì í ṣe àwáwí fún un, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ibi tí ẹ máa gbé ẹjọ́ lọ ló kù. Nínú gbogbo bàálù ńlá, ẹnì kan wà tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Òun lẹ ì bá rí kí ọkọ̀ tó balẹ̀: ẹ ní ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ má yọ fóònù síta láti ya ẹnikẹ́ni, torí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ kà á léèwọ̀, àwòrán yẹn sì lè sọ yín di ẹlẹ́bi. Ó ń kọ ìròyìn ìrìn àjò. Ohun tó bá wà nínú ìròyìn yẹn kì í ṣeé sẹ́. Èyí ti kọjá ní tiyín, nítorí náà lẹ́tà ló kù. Ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ìjókòó, ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, àti ohun tí ẹ ń béèrè, bóyá àforíjì ni tàbí nǹkan míì. Ẹ yọ ti báàgì kúrò pátápátá. Tí ẹ bá fi í síbẹ̀, òun ni wọ́n máa dáhùn, wọ́n á sì fi òfin bo èyí tó kù. Ẹ jẹ́wọ́ pé ẹ ti mọ̀ pé kò yẹ kó dìde. Ẹ wá béèrè bóyá òfin ilé-iṣẹ́ wọn gbà kí wọ́n pe nọ́ńbà ìjókòó èrò lórí ẹ̀rọ láti bá a wí. Mo mọ irú ìbéèrè tí ọ̀fíìsì máa ń fi lẹ́tà lásán fọ̀ nù, ìyẹn kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. (Bó bá jẹ́ ẹrù tó bàjẹ́ ni, lábẹ́ Àdéhùn Montreal, ọjọ́ 7 péré lẹ ní láti kọ̀wé, ọjọ́ 21 fún ẹrù tó pẹ́ kó tó dé.)

Tí òṣìṣẹ́ míì nínú ọkọ̀ yẹn bá ṣe yín dáadáa, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà kan náà. Ìyìn máa ń wọ fáìlì wọn, àwọn ọ̀gá sì máa ń gba ẹ̀sùn ẹni tó mọ ìyàtọ̀ gbọ́ ju ti ẹni tó bú gbogbo wọn pọ̀. Bí èsì ò bá wá, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ti gbéra ló kàn. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.