Ibo ni àwọn ìbejì mi gbà dé inú mi?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Manchester ni mo wà. Ilé-ìwé àwọn ìbejì mi fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kọ́ wọn nípa ìbàlágà àti bí ọmọ ṣe ń dé inú. Ọmọ ọdún 10 ni wọ́n, Táyé lobìnrin, Kẹ́hìndé lọkùnrin. Bàbá wọn ní kí n kọ̀wé pé a ò fẹ́. Ibi tí mo ti ń rò ó ni Kẹ́hìndé ti bi mí bí àwọn méjèèjì ṣe ráyè nínú mi. Mo ní Ọlọ́run ló fi wọ́n síbẹ̀. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ ibo ló gbà? Ẹ gbà mí o. Kí ni kí n sọ tí ojú wọn ò fi ní là jù?

*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kẹ́hìndé yẹn gbọ́n!

Ti lẹ́tà ná. Láti oṣù Kẹsàn-án 2020 ni ẹ̀kọ́ ìlera ti di dandan ní ilé-ìwé ìjọba ní England níbí. Ìbàlágà àti nǹkan oṣù wà nínú rẹ̀, òbí ò sì lè yọ ọmọ kúrò níbẹ̀ tàbí nínú sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá fi kún un nìkan lẹ lè ní ẹ ò fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ lò hàn yín kí bàbá wọn tó bínú. Tí ẹ bá sì yọ wọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ wọn á rò ó fún wọn nígbà eré, tàbùmọ́tàbùmọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹyin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú rúlà wọn, ẹ fi mìlímítà kan hàn wọ́n, kí wọ́n fọkàn pín in sọ́nà 10. Ìdá kan níbẹ̀ ni ẹyin obìnrin fẹ̀ mọ. Èyí ọkùnrin nínú àwọn tèmi tẹjú mọ́ rúlà títí, ó ní irọ́ ni. Ọmọbìnrin ti ń gbé ẹyin wá sáyé, bíi mílíọ̀nù kan sí méjì. Tó bá bàlágà, ọ̀kan á máa gbó jáde, ó sábà máa ń jẹ́ lóṣooṣù. Ọkùnrin ní tirẹ̀, ìgbà tó bá bàlágà ni ẹpọ̀n rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtọ̀. Àwọn ohun tíntìnní onírù, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, ló wà nínú àtọ̀. Wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin, ọ̀kan péré á wọlé, ẹyin á sì ti àwọn yòókù mọ́ta. Ẹyin yẹn á wá sọ̀kalẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ.

Nígbà tiyín, ẹyin méjì ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rí àtọ̀ tirẹ̀. Irú ìbejì yìí ló wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Àwọn tó jọra bí ìmumu, ẹyin kan ló pín sí méjì. Ní ti Táyé àti Kẹ́hìndé, kálukú ní àpò omi tirẹ̀ àti olóbi tirẹ̀, ilé ọmọ ló ń fẹ̀. Kì í ṣe ibi tí oúnjẹ ń lọ o. Ẹ ní kí wọ́n ṣí aṣọ wo ìdodo wọn, ibẹ̀ ni ìwọ́ tó ń gbé oúnjẹ wá ti so mọ́ wọn. Akọ tàbí abo, ọ̀dọ̀ bàbá ni ìyẹn ti ń wá. Mélòó nínú àwọn ìyàwó ni wọ́n ti lé nílé ọkọ torí èyí!

“Ibo ló gbà” wá ńkọ́? Gbólóhùn kan tó: àgbàlagbà méjì tó fẹ́ra wọn, nǹkan ọkùnrin á wọ ojú ara obìnrin, ibẹ̀ ni àtọ̀ ń gbà. Ti àgbà ni, kì í ṣe ti ọmọdé. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kàn wọ́n níbẹ̀, kí wọ́n wá sọ fún yín. Wọ́n máa yínmú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yínmú.

Ti Táyé ló ká mi lára jù, torí ọ̀pọ̀ ń rí nǹkan oṣù ní nǹkan bí ọdún 12, àwọn kan kò tilẹ̀ ní tí ì pé 10. Ẹ sọ fún un kó tó dé. Ara inú ilé ọmọ máa ń nípọn, ẹ̀jẹ̀ á kún un, ó ń múra de ẹyin tó bá rí tirẹ̀. Tí kò bá rí i, ohun tó nípọn yẹn ló ń wó jáde. Kì í ṣe ọgbẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí. Lójú wọn ó máa ń dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lọ, láàárín ọjọ́ méjì sí méje. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó lè má dé déédéé. Mo ya páàdì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátá lójú àwọn méjèèjì. Kí Kẹ́hìndé náà jókòó, kó má bàa fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ (àbí Táyé ni àbúrò, ẹ yanjú ìyẹn nílé yín). Ẹ fi páàdì méjì sí báàgì rẹ̀. Ẹ má sì sọ tàwọn ìyá wa, pé ọkùnrin fọwọ́ kàn ọ́, o ti lóyún. Sáyẹ́ǹsì á já irọ́ yẹn, Táyé ò sì ní gba ohun mìíràn tí ẹ bá sọ gbọ́ mọ́.

Ti ohùn tó ń kẹ̀, àti àtọ̀ tó lè dà lójú oorun, bàbá wọn ni kó bá Kẹ́hìndé sọ ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó sá.