Tóòpù Gásíkẹ́ẹ̀tì Mi Jó Lẹ́ẹ̀mejì: Èwo Ni Kí N Rà, Irú Hẹ́dà Wo Ló sì Yẹ Ẹ́ńjìnì Tọ́bò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ́ńjìnì oní sìlíńdà mẹ́rin ni mo ní, lítà 2.0. Ihò sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 86, ìrìn písítìnì náà sì jẹ́ 86. Mo fi tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè máa fún afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, sí i fún eré ìje dírágì onímítà 402. Nígbà tí mo gbé búúsìtì (ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fún wọlé) dé 25 psi, tóòpù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín blọ́ọ̀kù àti tóòpù, jó. Mo fi irú kan náà pààrọ̀ rẹ̀, kò sì pé ìje mẹ́ta tó tún fi jó. Ẹnì kan ní kí n ra ti bàbà, ẹlòmíràn ní kí n ra èyí tó nípọn kí kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n (ìwọ̀n tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀) lè wálẹ̀. Hẹ́dà (àwọn páìpù tó ń gba èéfín lára tóòpù) tó wà lára ẹ́ńjìnì yìí kí n tó fi tọ́bò sí i ni mo ṣì ń lò. Mo gé e, mo wẹ́ẹ̀dì ojú tọ́bò mọ́ ọn, ó sì ti ń là báyìí. Kí ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ká ṣí tóòpù lẹ́ẹ̀mejì léra wọn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ohun méjì lẹ bi mí, ṣùgbọ́n lójú mi ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ṣeé ṣe kí hẹ́dà yín wà lára ohun tó ń jó gásíkẹ́ẹ̀tì yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ojú gásíkẹ́ẹ̀tì ń rí. Ní 25 psi, ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó ń wọ sìlíńdà ti di nǹkan bí ìlọ́po 2.7 ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Tí iná bá ràn, tí ìfúnpá inú sìlíńdà sì dé 100 bar, agbára tó ń ti tóòpù sókè lórí sìlíńdà kan ṣoṣo á tó tọ́ọ̀nù 6. Bóòtù ló ń di tóòpù mọ́lẹ̀, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ti gásíkẹ́ẹ̀tì ni kó dí àlàfo.

Tí ẹ́ńjìnì bá wá ń nọ́kì, epo tó yẹ kó jó lọ létòlétò á bú lójijì, ìfúnpá á sì fò kọjá ohun tí bóòtù lè dì mú. Tóòpù á gbéra díẹ̀, iná á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, á sì jẹ ẹnu gásíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo funfun tó yí àárín wọn ká. Tí ẹ bá rí àmì dúdú kéékèèké bí ata dúdú lílọ̀, tàbí kóró kéékèèké tó ń dán bí fàdákà, nọ́kì ni. Èyí tó dúdú jẹ́ èérí epo tó jó. Èyí tó ń dán ni alumíníọ̀mù tó ti ara písítìnì wá. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó le sí i kò ní wò ó sàn, ṣe ni á sún wàhálà náà sórí písítìnì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Ẹ dá àkókò iná padà sẹ́yìn, ẹ lo epo tí octane rẹ̀ (agbára rẹ̀ láti má nọ́kì) ga, kí ẹ sì wá bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yóò ṣe tutù.

Ní ti gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, MLS ni mo máa rà bó bá jẹ́ èmi: ewé irin aláìdípẹtà mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n tò lé ara wọn, tí ìlà tó yọ yí ká ojú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ìlà yẹn ń ṣe bíi sípíríǹgì. Tí tóòpù bá gbéra bíńtín, ó ń tẹ̀ lé e lọ, tó bá padà, ó ń padà. Ti ìwé àti gíráfáìtì tó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ wá láti ilé iṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ ra èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 87, kí etí rẹ̀ má baà yọ sínú iná. Etí tó bá yọ á gbóná pọ́n, á sì máa tan epo kí púlọ́ọ̀gì tó tan án.

Ẹni tó ní kí ẹ ra èyí tó nípọn rò ó dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n yín jẹ́ 9.0. Tí ẹ bá fi mílímítà 0.5 kún ìnípọn gásíkẹ́ẹ̀tì, àyè tó kù lókè písítìnì á fi nǹkan bíi cc 3 pọ̀ sí i, kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n á sì di 8.6. Èrè rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí ẹ máa pàdánù tóbi jù ú: àlàfo tóóró tó wà láàárín orí písítìnì àti ibi pẹrẹsẹ tóòpù, tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi mílímítà 1, ló ń ti afẹ́fẹ́ àti epo jáde kí wọ́n lè dàpọ̀, kí wọ́n sì jó kíá. Tó bá fẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnì á túbọ̀ fẹ́ràn láti nọ́kì. Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n tó kéré, orí písítìnì ni kí ẹ ti wá a.

Bàbà ní ibi tó yẹ ẹ́. Òun ni àwọn ọkọ̀ Top Fuel, ọkọ̀ dírágì tó ń sáré jù lọ, ń lò, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì wọn kò ní ihò omi rárá, wọ́n sì ń tú u palẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìje. Bàbà rọ̀, kì í tètè jó, àmọ́ kì í padà bíi sípíríǹgì. Ẹ ní láti gbẹ́ ojú ìlà yí sìlíńdà ká, kí ẹ tẹ wáyà irin aláìdípẹtà sínú rẹ̀ kó lè jẹ bàbà náà mú. Síbẹ̀, omi lè máa sun níbi ihò omi. Fún ẹ́ńjìnì yín tó ṣì ń lo rẹdiétọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

MLS kò fẹ́ ojú tí kò jọ̀lọ̀. Ẹ gbé blọ́ọ̀kù àti tóòpù lọ fá, kí ẹ sọ fún ẹni tó ń fá a pé MLS lẹ fẹ́ lò, kí ó lè mú un jọ̀lọ̀ dé Ra (ìwọ̀n àìjọ̀lọ̀ ojú irin) 30 microinch tàbí kó kéré sí i. Mi ò ní gbà kí ojú rẹ̀ tẹ̀ ju mílímítà 0.05 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń yí pẹ̀lú sáńpépà fọ ojú blọ́ọ̀kù. Ó ń gbẹ́ kòtò tí ojú ò rí, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ inú bẹ́ríìnì. Ẹ fi sítọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tí nọ́ọ̀tì ń dì lórí rẹ̀, rọ́pò bóòtù. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí i wọ blọ́ọ̀kù, kí ẹ fi òróró tí olùṣe rẹ̀ pèsè sí ojú nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì dì í ní ìpele mẹ́ta. Òróró mìíràn á yí agbára ìdìmọ́ra padà, bí nọ́ńbà tí ẹ rí lórí sípánà kò bá tiẹ̀ yí padà.

Ó wá kan hẹ́dà. Páìpù gígùn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò ni wọ́n ṣe kí èéfín sìlíńdà kan lè máa fa ti èkejì. Ní ti tọ́bò, ooru àti eré èéfín ni ẹ fẹ́ kó dé tọ́báìnì (kẹ̀kẹ́ inú tọ́bò tí èéfín ń yí), páìpù gígùn sì ń da ooru yẹn nù. Ó tún kéré lágbára láti gbé tọ́bò. Ìdí tó fi là nìyẹn.

Manífóòlù irin dídà kúkurú lágbára, kì í sì í gbówó lórí tó ti páìpù, ṣùgbọ́n èéfín sìlíńdà kan ń fẹ́ lu ti èkejì nínú rẹ̀. Fún yín, ẹ ṣe ti páìpù irin aláìdípẹtà 304 sch 10 tó jẹ́ ínṣì 1¼, tí ara rẹ̀ nípọn ní mílímítà 2.77. Irin 321 fara da ooru jù ú, àmọ́ fún sáà ìje kúkurú, 304 tó nípọn ti tó. Tí tọ́bò yín bá jẹ́ ti ojú méjì, tí iná ẹ́ńjìnì yín sì ń lọ ní 1-3-4-2, ẹ so 1 pọ̀ mọ́ 4, kí ẹ so 2 pọ̀ mọ́ 3.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un láti gùn. Páìpù 304 tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40 á fi mílímítà 5 sí 6 gùn sí i tó bá gbóná dé 800°C. Ẹ gé ojú irin tó dé tóòpù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn wẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fi irin gbé tọ́bò dúró láti ara blọ́ọ̀kù, kì í ṣe láti ara ọkọ̀. Mo ti fìgbà kan de tọ́bò mọ́ ara ọkọ̀ rí, ó sì fa hẹ́dà ya lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú eré ìje dírágì, ibi ìlà ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ló le jù. Tí ẹ bá ń dá iná sẹ́yìn kí búúsìtì lè gòkè kí ẹ tó gbéra, epo ń jó nínú hẹ́dà ni. Ẹ má ṣe é ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Ẹnu wastegate, ilẹ̀kùn tó ń tú èéfín tó pọ̀ jù dànù kí búúsìtì má baà ga jù, gbọ́dọ̀ wà níbi tí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, kó sì kọjú sí ọ̀nà tí èéfín ń gbà lọ. Tó bá kọ̀yìn sí i, búúsìtì á máa gòkè fúnra rẹ̀ kọjá ohun tí ẹ yàn.

Nígbà tí ẹ bá ń wẹ́ẹ̀dì hẹ́dà tuntun, ẹ fi ihò kékeré kan síbi tó ku díẹ̀ kó dé tọ́báìnì, kí ẹ fi páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ìfúnpá rẹ̀ lọ sórí géèjì. Tí búúsìtì bá jẹ́ 25 psi, tí ti inú hẹ́dà yẹn sì wà láàárín 25 sí 35, inú mi á dùn. Tó bá dé 50, èéfín gbígbóná kò rí ọ̀nà jáde, ó ń padà sínú sìlíńdà, ibẹ̀ sì ni nọ́kì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá búúsìtì padà sí 15 psi títí ẹ ó fi rí ilé tọ́báìnì tó tóbi jù ú lọ.